Ẹni Tó Bá Gba Ìdẹ̀nà Kọjá

Mẹ́tìrì Fágbohùn kò fẹ́ràn ìdọ̀tí.
Kó tó la ẹnu, á kọ́kọ́ ní ká gbá ilẹ̀ kíláàsì,
á nu pátákó títí yóò fi dúdú bí ìdí ìkòkò,
á wá fi ẹfun kọ ọ́ gbàgàdà:
igirẹki jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta íkisi, ká fi mẹ́rin kún un.

"Ẹ wò ó," ó ní, "ilé ta ló rí báyìí?
Igirẹki jókòó lápá òsì bí ọkọ tó ń bínú,
íkisi àti mẹ́rin há mọ́ra lápá ọ̀tún.
Ẹ bá mi tò ó."

Ọdún náà ni mo pé mẹ́rìnlá, ní Kétu,
ọdún tí bàbá mi gba ọ̀nà Ìlárá lọ
tòun ti alùpùpù àti kẹ́ẹ̀gì òfìfo mẹ́jọ,
tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ìlà méjì kéékèèké tó dùbúlẹ̀ láàárín,
Mẹ́tìrì ní Àkábà Ìdẹ̀nà ni.
Ọmọ Kétu wo ni kò mọ ẹnubodè àtijọ́ yẹn?
"Ẹni tó bá gbabẹ̀ kọjá, á pààrọ̀ aṣọ.
Ẹni tó wọ àròpọ̀ wọlé, àyọkúrò ni yóò wọ̀ jáde."
Mo rántí owó ìyá mi ní bodè:
náírà ìdì kan lọ́hùn-ún,
sẹ́fà ẹyọ mélòó kan níhìn-ín.

Mo fa íkisi lọ́wọ́, mo mú un kọjá.
Ó wọ àyọkúrò, ó dúró ti igirẹki, ojú ń tì í.
Mẹ́rin ṣẹ́kù sódìkejì, òun nìkan.

"Kò gbọdọ̀ sí ìdá nínú ilé tó tò.
Ta ní í fi àbọ̀ ọsàn ránṣẹ́ sí àna?"
Ó ní ká fi mẹ́ta sọ gbogbo wọn di púpọ̀.
Rafíátù ọ̀rẹ́ mi gbàgbé mẹ́rin,
ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó jẹ pàṣán kan.
"Èyí tó dá wà náà lẹ́nu," ni Mẹ́tìrì wí.
Mẹ́rin di méjìlá.

Ó ku ẹyọ kan:
ẹni tó ṣíwájú kì í wọ àyọkúrò.
Mo yí àmì gbogbo wọn padà lẹ́ẹ̀kan náà.
Íkisi méjì nàró gan-an,
igirẹki mẹ́ta gba àyọkúrò wọ̀,
méjìlá tó dá wà di gbèsè.

Gbèsè méjìlá.
Mo wò ó pẹ́.
Iye tí ìyá mi fi èédú kọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn nìyẹn,
ẹgbẹ̀rún méjìlá sẹ́fà, owó epo àwìn tí bàbá mi jẹ.

"Mẹ́tìrì, kí ni èrè títò, bó bá jẹ́ gbèsè ni yóò yọ?"
Kò bínú. Ó ní, "Fi àtẹ́lẹwọ́ bo íkisi."
Mo bò ó. Igirẹki sọ orúkọ ara rẹ̀: mẹ́rin.
"Bo igirẹki."
Íkisi ní òun jẹ́ àyọkúrò mẹ́fà.
Ibi méjì péré. Mo fi rúlà so wọ́n pọ̀,
ìlà náà sì ń lọ, ó gba etí ìwé kọjá, kò dúró.

Lálẹ́, lórí ẹní, mo pa ojú dé.
Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo bàbá mi:
ìyá mi ló kù, ó ń ka ọsàn sínú agbọ̀n ní méjìméjì,
ó ń sọ̀rọ̀ sí ara rẹ̀.
Mo wá bo ìyá mi.
N kò rí nǹkan kan.
Mo ká ọwọ́ kúrò kíá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn,
lábẹ́ èédú rẹ̀, létòlétò,
íkisi, igirẹki, Ìdẹ̀nà, méjìlá.
Ó bi mí pé kí ni mo ń kọ.
Mo ní ìṣirò ni.
Ó ní kí n ṣáà má fi aṣọ nu gbèsè òun dànù,
nítorí òun ṣì fẹ́ẹ́ san án.